Olú kì í ṣe ewé, kì í ṣe ẹran

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wá bá mi nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀, ó ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, olú yìí, ṣé ewéko ni àbí ẹranko?" Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ewéko ni jàre, ṣebí ilẹ̀ ló ti ń hù, kì í rìn, kì í ké, kí ló tún fẹ́ jẹ́. Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tó máa padà dé lọ́jọ́ kejì, tísà ti fa ilà pupa gàgàrà kọjá lórí ìdáhùn mi, ó gbé ìwé yẹn síwájú mi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó.

Ká má parọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n lọ bá tísà yẹn jà. Mo wá ní kí n lọ kàwé ná, kí n má lọ tẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáa tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, torí tísà ló jàre. Olú kì í ṣe ewéko, kì í sì í ṣe ẹranko, ó ní ìdílé tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí mo sì rí níbi tí mo ti ń wá ìdí ẹ̀ ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí, torí ọ̀rọ̀ yẹn ju olú lọ. Gbogbo ìgbà táwọn èèyàn bá ti jókòó pín ohun ẹlẹ́mìí sí agbo-agbo nípa bó ṣe rí lójú, ẹnì kan á ṣáà yọjú wo inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kín-ń-kín tó para pọ̀ di ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ìpín yẹn á dàrú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀.

Ọdún 1665 ni ará England kan, Robert Hooke, fi ọ̀bẹ tó mú bẹ́ kọ́ọ̀kì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kọ́ọ̀kì tó jẹ́ èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ìgò, ó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó rí ihò kéékèèké tó tò bí afárá oyin. Ó pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì, yàrá kékeré nìyẹn. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ohun tí Hooke ń wò ti kú tipẹ́, ògiri lásán ló rí, yàrá tí ayálégbé ti kó jáde. Orúkọ tó sọ ilé òfìfo yẹn la ṣì fi ń pe ohun tó kún fọ́fọ́ jù láyé títí dòní.

Ẹni tó rí àwọn tó wà láàyè ni Antonie van Leeuwenhoek, ará Delft ní Netherlands, aṣọ ló ń tà, kò ka ìwé yunifásítì kankan. Ó máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ lọ gíláàsì wẹ́wẹ́ tó ń sọ nǹkan di ńlá ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà yẹn lọ. Ní 1676 ó kọ lẹ́tà sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, pé òun rí àwọn ẹranko kín-ń-kín nínú omi tí wọ́n ń sáré kiri. Ní 1683 ó ha ìdọ̀tí ara eyín ẹ̀, ó wò ó, ó bá wọn níbẹ̀ náà, wọ́n ń jó. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láyé tó máa rí bakitéríà, ẹ wá tún lọ bá wọn nínú ẹnu ara yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ó ju àádọ́jọ ọdún lọ kí wọ́n tó so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ní 1838 Matthias Schleiden ní sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara gbogbo ewéko, ọdún tó tẹ̀lé e Theodor Schwann ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹranko, ará Jámánì làwọn méjèèjì. Àmọ́ Schleiden rò pé ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì tuntun kàn ń dì pọ̀ bí iyọ̀ ṣe ń dì nígbà tómi bá gbẹ. Rudolf Virchow ló wá gbé gbólóhùn yẹn jáde ní 1855 tó fi dọ̀rọ̀ gbogbo ayé, pé sẹ́ẹ̀lì ló ń bí sẹ́ẹ̀lì. (Robert Remak ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀, ariwo Virchow ló kàn pọ̀ ju tiẹ̀ lọ. Ayé ti ń ṣe báyẹn tipẹ́.)

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ló ń bí sẹ́ẹ̀lì, a jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìka tẹ́ẹ fi ń ti fóònù yín lókè yìí, ó ní ìyá, ìyá ẹ̀ ní ìyá, ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé orí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tẹ́ẹ jẹ́ nínú ikùn ìyá yín, kò sì dúró síbẹ̀, ó ń lọ sẹ́yìn fún ohun tó ju bílíọ̀nù ọdún mẹ́ta lọ, okùn yẹn ò sì já rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní ó ti já níbì kan ni, ẹ ò ní sí níbi yìí.

Èmi fúnra mi, àlùbọ́sà ni mo fi kọ́kọ́ rí sẹ́ẹ̀lì, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Tísà ní ká bó awọ fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ìpele méjì, awọ yẹn máa ń rí bíi rọ́bà tí èèyàn lè ríran gbà kọjá, ká tẹ́ ẹ sórí gíláàsì kó má ká jọ, ká kán omi áyódíìnì sí i, ká wá fi gíláàsì kékeré dé e lórí díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi ò ṣe díẹ̀díẹ̀ o, mo dé e gbàù. Ìgbà tí mo wojú ẹ̀, mo rí róbótó tó dá dáadáa, etí ẹ̀ dúdú ó nípọn, inú ẹ̀ mọ́ kedere, inú mi dùn, mo yà á sínú ìwé, mo kọ "sẹ́ẹ̀lì" sí i lábẹ́, mo tiẹ̀ fi àwọ̀ kùn ún. Tísà wò ó, ó ní "afẹ́fẹ́ lo yà yìí." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, èyíkéyìí tó bá dá róbótó tí etí ẹ̀ sì dúdú, afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ gíláàsì ni, ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbà tí mo wá rí èyí tó jẹ́ òótọ́, kò tiẹ̀ dá róbótó rárá. Ó gùn, ó ní igun, wọ́n tò mọ́ra wọn bíi búlọ́ọ̀kù lára ògiri, àwọ̀ áyódíìnì ti jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ pọ́n ráúráú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ẹ máa rí àmì kékeré kan tó ṣókùnkùn ju ìyókù lọ. Núkílíọ́ọ̀sì nìyẹn. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé kì í sábà wà láàárín, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń wà bí ẹni tí wọ́n tì síbẹ̀. Wọ́n sì tì í síbẹ̀ lóòótọ́ ni, torí àpò omi ńlá kan ló gba gbogbo àárín sẹ́ẹ̀lì ewéko, àpò yẹn ló ń jẹ́ kí ewé dúró ṣinṣin, tí omi bá tán nínú ẹ̀, ewé á rọ wọ̀ọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ti ẹranko ò ní ògiri yẹn o. Ohun tí òun ní ni awọ, ewéko náà sì ní awọ yẹn lábẹ́ ògiri tiẹ̀. Ọ̀rá ni awọ yẹn, ìpele méjì. Ẹyọ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní orí tó fẹ́ràn omi, ó ní ìrù tó kórìíra omi bí ológbò, wọ́n wá kọ ìrù síra wọn nínú, wọ́n kọ orí síta níhà méjèèjì. Kò sẹ́ni tó tò wọ́n o, ẹ da irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ sómi, fúnra wọn ni wọ́n máa tò bẹ́ẹ̀. Inú núkílíọ́ọ̀sì ni DNA wà, okùn tí ìlànà iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì wà lára ẹ̀ bíi lẹ́tà inú ìwé, tí wọ́n bá na ti inú sẹ́ẹ̀lì èèyàn kan ṣoṣo tán á gùn tó bíi mítà 2, àmọ́ wọ́n ká a jọ sínú ohun tójú ò lè rí. Ráíbósóòmù ló ń ka iṣẹ́ tí DNA rán, tó ń fi ṣe púrótíìnì. Àwọn tó kù, ẹ̀ka tó ń di ẹrù, ẹ̀ka tó ń kó ìdọ̀tí, ẹ máa rí wọn nínú ìwé èyíkéyìí, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró, torí èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni màítókọ́ńdíríà.

Gbogbo wa la ti há a sórí ní súkúù pé màítókọ́ńdíríà ló ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì, a kọ ọ́ nínú ìdánwò, a gbàgbé ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà yẹn pé àlejò ni. Ó ní DNA tiẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ká bí òrùka, jíìnì 37 (abala DNA tó gbé iṣẹ́ kan dání là ń pè ní jíìnì) ló wà níbẹ̀ ní ti èèyàn, ó ní ráíbósóòmù tiẹ̀ tó jọ ti bakitéríà, fúnra ẹ̀ ló ń pín sí méjì bí bakitéríà ṣe ń pín, awọ méjì ló sì wọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé mì táṣọ ẹni tó gbé e mì wá lé tiẹ̀ lórí. Ìdí nìyẹn tí àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń pa bakitéríà fi lè yọ màítókọ́ńdíríà náà lẹ́nu. Ní 1967 obìnrin kan, Lynn Margulis (orúkọ ọkọ ẹ̀ àkọ́kọ́, Sagan, ló ṣì fi kọ ọ́ nígbà yẹn), kọ ọ́ jáde pé bakitéríà ni nǹkan yìí tẹ́lẹ̀, pé sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló gbé e mì láyé ijọ́hun, kò dà nínú ẹ̀, wọ́n wá jọ ń gbé. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń fi oòrùn dáná nínú ewé náà, bákan náà ló ṣe wọlé. Margulis fúnra ẹ̀ sọ pé ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì bíi 15 ló kọ̀ ọ́ kí ọ̀kan tó gbà á. Lónìí inú ìwé àwọn ọmọ súkúù ló wà. Màítókọ́ńdíríà tó wà lára yín, ọ̀dọ̀ ìyá yín lẹ ti rí i, bàbá kì í sábà fi sílẹ̀ fọ́mọ.

Ó dáa, ìpín àkọ́kọ́ tó lágbára nìyẹn: sẹ́ẹ̀lì tó ní núkílíọ́ọ̀sì àti èyí tí kò ní. Bakitéríà ò ní, DNA ẹ̀ kàn wà nínú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni. Èmi àti ẹ̀yin, igi, olú, eṣinṣin, gbogbo wa la ní. Àyàfi pé kò sí òfin tí kò ní ẹni tó máa ré e kọjá, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa ju núkílíọ́ọ̀sì tiẹ̀ nù kó lè ráyè gbé atẹ́gùn, á wá ṣiṣẹ́ fún bíi 120 ọjọ́, ó parí. Wọn ò sì kéré o. Ní 2016 àwọn onímọ̀ kan ṣírò ẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn tó bíi tirílíọ̀nù 30, tí èyí tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ nínú wọn sì jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa yìí. Bakitéríà tó ń bá wa gbé, wọ́n ní á tó tirílíọ̀nù 38. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbàkigbà tẹ́ẹ bá ní ẹ dá nìkan jókòó.

Ká wá padà sórí ìpín. Carl Linnaeus, ará Sweden, ní 1735, ó kó gbogbo ayé sí ìjọba mẹ́ta, ẹranko, ewéko, òkúta. Lójú ẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí ò ju méjì lọ nìyẹn, bíi tèmi. Ó kó àbùùbùtán mọ́ ẹja, ìgbà tó di 1758 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò, torí pé ó ń bímọ ní ààyè, ó ń fọ́mọ lọ́mú, ó sì ń mí afẹ́fẹ́. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwa náà ṣì ń pè é ní ẹja. Àdán náà ńkọ́? Ó níyẹ̀ẹ́ apá, ó ń fò, àmọ́ eyín wà lẹ́nu ẹ̀, irun ló bò ó, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Àwọn àgbà wa ti fura, àwọn ló ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Wọn ò sọ pé ẹyẹ ni.

Ohun tí Linnaeus ṣe tó ṣì wúlò títí dòní ni orúkọ méjì. Ti àkọ́kọ́ dà bí orúkọ ìdílé, ti ìkejì ni orúkọ tó ń jẹ́ fúnra ẹ̀. Kìnnìún ni Panthera leo, ẹkùn ni Panthera pardus, ẹ rí i pé ọmọ ìdílé kan ni wọ́n, kò sí ìdí fún àlàyé. Ológbò inú ilé ni Felis catus, ìbátan wọn ni àmọ́ ojúlé kejì ló wà. Lẹ́tà ńlá fún ti àkọ́kọ́, lẹ́tà kékeré fún ti ìkejì, tẹ́ẹ bá kọ ọ́ lódì, máàkì á lọ, ẹ bi mí kí n sọ fún yín.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn kékeré. Ohun kan wà tó ń jẹ́ Euglena, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara ẹ̀, inú omi adágún ló ń gbé. Ó ní àwọ̀ ewé, tí oòrùn bá wà á fi dáná bíi ewéko. Àmọ́ ó ní ìrù tó fi ń wẹ̀, ó ní àmì pupa kékeré kan tó ń jẹ́ kó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tẹ́ẹ bá gbé e sínú òkùnkùn á máa gba oúnjẹ láti inú omi. Àwọn tó ń kọ́ nípa ewéko ní tiwọn ni, àwọn tó ń kọ́ nípa ẹranko ní tiwọn ni. Ní 1866 Ernst Haeckel ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣí ilé kẹta fún gbogbo irú àwọn báyìí, ó pè é ní Protista. Lójú tèmi ilé yẹn ti di ibi tí wọ́n ń kó gbogbo ohun tí wọn ò mọbi tí wọ́n máa gbé e sí, bíi dúrọ́ọ̀ tó máa ń wà nílé gbogbo èèyàn.

Olú wá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ewéko ló ṣì jókòó sí. Ó di 1969 kí ará Amẹ́ríkà kan, Robert Whittaker, tó gbé ìjọba márùn-ún kalẹ̀ tó sì fún olú àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní tiwọn. Ìdí ẹ̀ rèé, kẹ́yin náà má lọ gba ilà pupa. Olú ò ní àwọ̀ ewé tó fi ń dáná, kò lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Ògiri sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kì í ṣe irú ti ewéko, kaitíìnì ni, ohun kan náà tó wà lára èèpo akàn àti ti kòkòrò. Ńṣe ló ń tu omi tó ń da oúnjẹ sórí ohun tó fẹ́ jẹ, á dà á níta, á wá fà á mu, àfi bíi ká ní ikùn tiwa náà wà níta, tó jẹ́ pé orí tábìlì ni oúnjẹ ti ń dà ká tó fà á mu. Ṣúgà tó bá ṣẹ́kù, bí ẹran ara wa ṣe ń tọ́jú ẹ̀ lòun náà ṣe ń tọ́jú ẹ̀, kì í ṣe bíi ti iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tá a tiẹ̀ ń pè ní olú, èso ẹ̀ lásán nìyẹn, ara ẹ̀ gangan wà lábẹ́ ilẹ̀ tàbí nínú igi jíjẹrà, òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta káàkiri. Ìgbà tí wọ́n wá ń ka DNA, wọ́n rí i pé olú sún mọ́ ẹranko ju bó ṣe sún mọ́ ewéko lọ. Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá pe ìpàdé mọ̀lẹ́bí, èmi àti olú la máa jókòó pọ̀, igi á wà lápá ibòmíì.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀, kò parí. Ní 1977 Carl Woese àti George Fox ní Amẹ́ríkà ò wo ojú ohunkóhun mọ́, wọ́n ń ka lẹ́tà irú ti DNA tó wà nínú ráíbósóòmù àwọn ohun ẹlẹ́mìí, torí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní ráíbósóòmù, ó sì máa ń pẹ́ kó tó yí padà, ẹ lè fi mọ ẹni tó bá ẹnì kan tan. Wọ́n kan àwọn kan tí gbogbo èèyàn ti ń pè ní bakitéríà, tí wọ́n ń ṣe gáàsì mítéènì, lábẹ́ máíkírósíkóòpù ẹ ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí bakitéríà, lẹ́tà wọn wá yàtọ̀ pátápátá. Àwọn là ń pè ní Archaea lónìí, àwọn kan nínú wọn ń gbé nínú omi gbígbóná tó lè bó èèyàn lára, àwọn kan nínú omi tó kún fún iyọ̀. Ní 1990 Woese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pín gbogbo ohun ẹlẹ́mìí sí mẹ́ta: Bacteria, Archaea, àti àwa tá a ní núkílíọ́ọ̀sì. Gbogbo ìjà ewéko àti ẹranko tí mo ti ń sọ bọ̀, igun kan ṣoṣo nínú mẹ́ta ló wà.

Mẹ́ta yẹn náà ò tíì fìdí múlẹ̀ tán o. Ní 2015 wọ́n rí DNA àwọn Archaea kan láti ìsàlẹ̀ òkun láàárín Greenland àti Norway, wọ́n pè wọ́n ní Lokiarchaeota, wọ́n ní àwọn jíìnì tí wọ́n ti rò pé sẹ́ẹ̀lì bíi tiwa nìkan ló ní. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá ń sọ báyìí pé láti inú agbo Archaea yẹn la ti jáde, pé ọ̀kan nínú wọn ló gba bakitéríà tó di màítókọ́ńdíríà sílé. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé méjì ló wà, àwa ò ní tiwa lọ́tọ̀, yàrá kan la gbà nínú ilé Archaea.

Gbogbo eléyìí ni mo jókòó ṣàlàyé fún ọmọ yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ fi gba ojú mi padà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ronú díẹ̀, ó ní "Àǹtí, fáírọ́ọ̀sì ńkọ́?" Mo ní kò ní sẹ́ẹ̀lì, kò ní ráíbósóòmù, inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíì ló ti ń bí ara ẹ̀, torí náà kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rántí èyí tí wọ́n rí nínú omi ilé iṣẹ́ kan ní Bradford ní England ní 1992, inú amíbà, ohun ẹlẹ́mìí kan tí gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ló ń gbé, ó tóbi débi pé bakitéríà ni wọ́n pè é fún bí ọdún mẹ́wàá, 2003 ni wọ́n tó tú àṣírí ẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ni. Ó ní kí lòun máa wá kọ báyìí. Mo ní kó kọ ọ́ pé kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí, àmọ́ kó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, kó má fi bírò.